Lé Tàbí Dín: Bó Ṣe Yẹ Ká Ka Iṣẹ́ Albert Michelson

Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ nípa Albert Michelson, ó kúrú débi pé èèyàn lè sọ ọ́ tán kí omi tó hó lórí iná. Ọkùnrin kan wá ohun kan tí wọ́n ń pè ní ether títí, kò rí i. Lẹ́yìn ọdún 18, Einstein dé, ó ní ẹ má wulẹ̀ wá a mọ́. Ó tán. Nínú ìtàn yìí, Michelson dà bí ọmọ ọ̀dọ̀ tó kàn ṣílẹ̀kùn fún àlejò pàtàkì, tó sì padà sí ẹ̀yìnkùlé.

Àwa ò fara mọ́ ìtàn náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ló sọ o, ṣùgbọ́n ó fo ohun tí ọkùnrin yìí fi ọdún tó lé ní àádọ́ta ṣe. Ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ, Light Waves and Their Uses, tí ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Chicago gbé jáde ní 1903, la fẹ́ fi dá ìtàn náà lóhùn. A ó yin ìwé náà, a ó sì bá a wí, torí ó yẹ fún méjèèjì.

Wọ́n bí Michelson ní 1852 ní Strelno, ìlú kan tó wà lábẹ́ Prussia nígbà náà, tó ti di ti Poland báyìí. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Amẹ́ríkà. Láàárín àwọn awakùsà ní California àti Nevada ló ti dàgbà. Ọjà ni bàbá rẹ̀ ń tà fún wọn. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Annapolis, ó jáde ní 1873, nígbà tó sì yá, wọ́n ní kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì níbẹ̀. Nídìí kíkọ́ni yìí ló ti wọ̀ ọ́ lójú pé òun lè wọn ìyára ìmọ́lẹ̀ dáa ju bí Foucault, ará Faransé, ṣe wọ̀n ọ́n lọ.

Ọgbọ́n ibẹ̀ ò le. Wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ sára dígí kan tó ń yí bìrì. Ìmọ́lẹ̀ á ta kúrò lára rẹ̀, á lọ bá dígí mìíràn tó dúró sí ọ̀ọ́kán, á padà wá. Kó tó padà dé, dígí tó ń yí ti yí díẹ̀ sí i, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ ò ní balẹ̀ sí ibi tó ti gbéra. Bó ṣe yà kúrò níbẹ̀ tó la fi ń ṣírò ìyára rẹ̀. Lọ́wọ́ Foucault, ìyàtọ̀ náà kò tó mìlímítà kan. Michelson mú dígí kejì jìnnà dé nǹkan bíi 600 mítà, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì ju sẹ̀ǹtímítà 13 lọ. Ohun tí ẹnì kan ń fi awò wá, ẹnì kejì ti sọ ọ́ di ohun tí a lè fi rúlà wọ̀n.

Àwa tí à ń fi kọ̀ǹpútà jẹun lè fojú ara wa rí èso iṣẹ́ yẹn. Ẹ ṣí èdè R, ẹ tẹ morley. Òǹkà 100 ló máa jáde, ní ìpele márùn-ún, ogún-ogún ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé Morley tí wọ́n fi sọ àkójọ náà lórúkọ kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Michelson ló wọn gbogbo rẹ̀ ní 1879, kó tó di pé òun àti Morley jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Wọ́n ti yọ 299,000 kúrò nínú òǹkà kọ̀ọ̀kan kó má baà gùn. Èyí tó kéré jù ni 620, èyí tó pọ̀ jù ni 1,070. Ẹ wo àlàfo yẹn dáadáa: 450 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, láàárín òǹkà méjì tí ọwọ́ kan náà fi ohun èlò kan náà wọ̀n.

Kí lèèyàn ń fi irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ṣe? Ẹlòmíràn á mú èyí tó wù ú, á fi ìyókù pamọ́. Michelson pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó pín in dọ́gba, ó rí 299,852. Ó fi 12 kún un nítorí ooru, ó fi 80 kún un nítorí pé inú afẹ́fẹ́ ló ti wọ̀n ọ́n, ó di 299,944. Ó wá fi òǹkà kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ó lè lé ní 51, ó lè dín ní 51.

Òǹkà kékeré yẹn lọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀.

Nínú òǹkà Yorùbá, lé àti dín kì í ṣe àjèjì rárá. Mọ́kànlélógún ni ẹyọ kan tó lé lórí ogún. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ẹyọ kan tó dín nínú ọgbọ̀n. A máa ń dúró síbi tó dá wa lójú, a ó wá sọ bí ohun tí à ń kà ṣe jìnnà síbẹ̀ tó. Ọgbọ́n tí Michelson dá jọ èyí, àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà. Lé àti dín tiwa mọ ibi tí òun wà. Tirẹ̀ ò mọ̀, ó sì sọ iye tí òun ò mọ̀. Àwa á máa pè é ní lé-dín nínú àròkọ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi wé ènì tí ìyá oníràìsì máa ń bù lé kóńgò. Ọwọ́ oníbàárà nìkan ni ènì máa ń bọ́ sí. Lé-dín ò mọ oníbàárà, kò mọ ọlọ́jà.

Lónìí a mọ̀ pé 299,792.458 ni ìyára ìmọ́lẹ̀ níbi tí kò sí afẹ́fẹ́. Michelson fi kìlómítà 152 kọjá rẹ̀, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta 51 tó ṣèlérí. Lé-dín rẹ̀ kéré jù, ohun tó mọ̀ kò tó bó ṣe rò. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ta ló fún wa lágbára láti dá a lẹ́jọ́ báyìí? Òun náà ni. Ẹni tó sọ iye tí òun lè fi ṣì ti fa ọ̀pá lé wa lọ́wọ́ pé bí òun bá ṣì jù bẹ́ẹ̀ lọ, ká fi na òun. Ẹni tó kàn sọ pé “bíi ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún” ò lè ṣì láé, kò sì lè kọ́ wa ní nǹkan kan.

Ìwé rẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ̀kọ́ mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀kọ́ tó kọ́ àwọn ará ìlú ní Boston ní 1899. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgbì, ó lọ sórí ohun èlò, ó dé orí gígùn mítà, ó dé orí ìràwọ̀, ó wá fi ether parí rẹ̀. Inú ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ló ti ń dárò pé òun ìbá jẹ́ akéwì pọ̀ mọ́ físíìsì, kí òun lè sọ bí ẹwà ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rí lára òun. Ọkùnrin tó ń ya àwòrán, tó ń ta gòjé, ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Lójú tiwa, ó ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ jù. Ibi tó ti ń ṣàlàyé bí ohun èlò ṣe ń ṣiṣẹ́, láìwá ọ̀rọ̀ dídùn kankan, ibẹ̀ gan-an ni ìwé náà ti dùn jù.

Ohun èlò tí à ń wí ni interferometer. Bí ẹ bá ju òkúta méjì sínú odò tó dákẹ́, ìgbì wọn á pàdé. Níbi tí òkè bá ti pàdé òkè, omi á ga. Níbi tí òkè bá ti pàdé kòtò, omi á tẹ́jú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ́lẹ̀ ń ṣe. Michelson mú dígí kan tí wọ́n fi fàdákà fẹ́ẹ́rẹ́ pa lójú, tí ìdajì ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá, tí ìdajì sì ń ta sí ẹ̀gbẹ́. Ìdajì kọ̀ọ̀kan á lọ bá dígí tirẹ̀, á padà wá bá èkejì. Níbi tí wọ́n ti pàdé, ìlà dúdú àti ìlà títàn á jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ọ̀nà ọ̀kan bá gùn ju tèkejì lọ díẹ̀ báyìí, àwọn ìlà náà á sún. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ kan kò sì tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà, nítorí náà “díẹ̀” ibí yìí kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ.

Kí ló fẹ́ fi ṣe? Àwọn onímọ̀ ìgbà náà gbà pé bí ìgbì òkun ṣe nílò omi, ìgbì ìmọ́lẹ̀ náà gbọ́dọ̀ nílò ohun kan láti gbà kọjá. Ohun yẹn ni wọ́n pè ní ether. Ayé wa ń fi nǹkan bíi 30 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yí oòrùn po, nítorí náà ether gbọ́dọ̀ máa fẹ́ sí wa bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ sí ẹni tó wà lórí ọ̀kadà. Ẹ ro ti ọlọ́kọ̀ ojú omi méjì. Ọ̀kan wa ọkọ̀ lọ sí òkè odò, ó padà. Èkejì wà á sọdá odò, ó padà. Bí ọ̀nà wọn tiẹ̀ gùn bákan náà, ẹni tó sọdá ló máa kọ́kọ́ dé. Bí ether bá wà, ọ̀kan nínú ìmọ́lẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ pẹ́ dé ju èkejì lọ, àwọn ìlà á sì sún bí wọ́n bá yí ohun èlò náà padà.

Ó kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ ní Berlin. Ọkọ̀ tó ń kọjá ní títì ò jẹ́ kí àwọn ìlà dúró, àní lóru. Ó gbé e lọ sí Potsdam ní 1881, síbẹ̀ bí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ kilẹ̀ ní 100 mítà síbẹ̀, àwọn ìlà á pòórá. Ó padà sí Amẹ́ríkà, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Case ní Cleveland, ó bá Edward Morley tó jẹ́ onímọ̀ kẹ́míkà ní Western Reserve pàdé. Ọ̀nà wọn ò dán o. Ní 1885, àárẹ̀ ọpọlọ mú Michelson débi tó fi fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ní 1886, iná jó ilé ẹ̀kọ́ Case, wọ́n sì kó iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ Morley. Ní oṣù keje 1887, wọ́n to àwọn dígí sórí pẹpẹ òkúta ńlá kan, wọ́n jẹ́ kí òkúta náà léfòó lórí mẹ́kúrì, irin tó ń ṣàn bí omi, kí gìrìgìrì ilẹ̀ má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń jẹ́ kó máa yí díẹ̀díẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́fà fún ìyípo kan, wọ́n sì ń wo ìlà nígbà 16 nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, lọ́sàn-án àti ní ìrọ̀lẹ́.

Ohun tí wọ́n ń retí ni kí àwọn ìlà sún ní ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìlà kan. Ohun tí wọ́n rí, bó bá tiẹ̀ wà rárá, ó ṣeé ṣe kó má tó ìdá kan nínú 40. Èyí ni wọ́n ń pè ní ìwádìí tó kùnà. Àwa bi yín: kí ló kùnà níbẹ̀? Bí Michelson bá kàn sọ pé “a ò rí nǹkan kan”, ẹnikẹ́ni ìbá dá a lóhùn pé bóyá ojú ẹ ni ò ríran. Lé-dín ló di ẹnu wọn. Òun lè rí ohun tó kéré tó báyìí, ohun tí ẹ ní kó wà níbẹ̀ tóbi jù ú lọ fíìfíì, kò sì sí níbẹ̀. “Kò sí” tí kò bá ní lé-dín nídìí, àròsọ ni.

Nínú ẹ̀kọ́ kẹjọ ìwé náà, Michelson fúnra rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan tí àwọn tó ń sọ ìtàn kúkúrú yẹn ì bá kà. Ó ní nítorí ìbéèrè ether ni òun ṣe ṣẹ̀dá interferometer, àti pé ohun èlò náà ti ju àsanpadà lọ fún àìrí tí òun ò rí ether. Ṣé ẹ ò rí i? Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú ṣòkòtò ló wà. Àwa tí à ń kọ kóòdù mọ irú èyí: ètò tí a kọ láti fi yẹ nǹkan kan wò lè wúlò ju nǹkan náà fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ karùn-ún ló jẹ́rìí sí i. Ní 1892, wọ́n pe Michelson sí Sèvres lẹ́bàá Paris, níbi tí wọ́n tọ́jú ọ̀pá irin tí gbogbo ayé fi ń mọ mítà sí. Irin ni ọ̀pá yẹn. Ó lè sọnù, ó lè tẹ̀, iná lè jó o. Michelson fi interferometer ka iye ìgbì ìmọ́lẹ̀ pupa tí cadmium ń mú jáde nínú mítà kan, ó ká 1,553,163.5. Ẹ wo ààbọ̀ tó wà lẹ́yìn mílíọ̀nù kan ààbọ̀ yẹn! Láti ìgbà náà, a ti mọ̀ pé bí ọ̀pá náà bá tiẹ̀ sọnù, ìmọ́lẹ̀ á bá wa ṣe òmíràn. Nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1907, òun ni ará Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó gba irú rẹ̀ nínú sáyẹ́ǹsì. Ohun èlò rẹ̀ àti ìwọ̀n tó fi wọ́n wọ̀n ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ether ò sí nínú rẹ̀.

Ó wá tó àkókò láti bá ìwé náà wí. Àkọ́kọ́, nínú ẹ̀kọ́ kejì, Michelson ní ó jọ pé wọ́n ti rí gbogbo òfin ńláńlá nínú físíìsì tán, pé ojú òǹkà kẹfà lẹ́yìn dẹ́símà ni ká ti máa wá àwárí tó kù. Ìdajì ọ̀rọ̀ yìí dáa. Ní 1894, nítorí pé Rayleigh rí i pé nitrogen inú afẹ́fẹ́ fi díẹ̀ wúwo ju èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe lọ, ni òun àti Ramsay fi rí argon, gáàsì tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé a ń mí símú. Ṣùgbọ́n ìdajì kejì ò dáa rárá. Nígbà tí ìwé náà fi máa jáde, wọ́n ti rí X-ray, wọ́n ti rí electron, ìlẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó máa ń fi lé-dín sí gbogbo ohun tó bá wọ̀n kò fi lé-dín kankan sí àsọtẹ́lẹ̀ yìí.

Èkejì ni ether fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó fi parí ìwé ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣì ń retí àlejò tí kò ní dé. Títí ó fi kú, kò fẹ́ kí ether lọ. Àwọn kan ń fi èyí bú u. Lójú tiwa, ibi tó ti yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un jù nìyí. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn ether, ó fẹ́ kó wà, síbẹ̀ nígbà tí ìlà kọ̀ láti sún, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sún. Ohun tó wù ú kò dé inú òǹkà rẹ̀. Mélòó nínú wa ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú òǹkà tí ọ̀gá ń retí lọ́jọ́ Ajé?

Ẹ̀kẹta, ìwé náà fi èèyàn pamọ́. Àárẹ̀ 1885 ò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọkùnrin náà, kó wá The Master of Light tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Dorothy Michelson Livingston, kọ ní 1973. Ọmọ ló kọ ọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn bí ẹ bá ń kà á, ṣùgbọ́n kò sọ bàbá rẹ̀ di òrìṣà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìwé náà kọjá inú rẹ̀. Ní 1920, Michelson àti Francis Pease gbé interferometer kan tó gùn ní nǹkan bíi mítà mẹ́fà ka orí awò ìwòràwọ̀ Mount Wilson ní California, wọ́n sì wọn fífẹ̀ ìràwọ̀ Betelgeuse, ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe fún ìràwọ̀ kankan yàtọ̀ sí oòrùn. Lẹ́yìn náà ló padà sídìí iṣẹ́ ìgbà èwe rẹ̀. Ó tan ìmọ́lẹ̀ láti orí òkè kan sí orí òkè mìíràn, kìlómítà 35 láàárín wọn, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1927: 299,796, lé tàbí dín 4. Ẹ fi wé 299,792.458. Lọ́tẹ̀ yìí, òtítọ́ wà nínú lé-dín rẹ̀. Láti 51 dé 4, láti ìlérí tí kò ṣẹ dé èyí tó ṣẹ: ìgbésí ayé Michelson nìyẹn lórí ìlà kan.

Kò dúró síbẹ̀. Ó tún fẹ́ ṣe é nínú páìpù gígùn tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Iṣẹ́ yìí ló ń ṣe lọ́wọ́ tó fi kú ní oṣù karùn-ún 1931. Àwọn tó bá a parí rẹ̀ rí 299,774, èyí tó fi nǹkan bíi 18 dín. Ohun èlò tuntun, owó púpọ̀, èsì tó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìwọ̀n kì í fi gbogbo ìgbà gòkè bí àtẹ̀gùn.

Ní 1983, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé ìyára ìmọ́lẹ̀ làwọn á fi máa mọ mítà. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín náà ń fi ìyára yìí mọ ibi tí ẹ wà: bí àkókò bá fi ìdá kan ṣoṣo nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá yẹ̀, ibi tó máa fi hàn á fi nǹkan bíi 300 mítà jìnnà síbi tí ẹ dúró sí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án 2015, interferometer méjì ní Amẹ́ríkà, tí apá kọ̀ọ̀kan wọn gùn ní kìlómítà mẹ́rin, gbọ́ bí ihò dúdú méjì ṣe kọlu ara wọn ní ojú sánmà jíjìn. Ohun tó sún lára wọn kò tó ìdá kan nínú 100 fífẹ̀ proton. Bí a bá tú wọn palẹ̀ dé ìpìlẹ̀, dígí tó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí méjì náà la máa bá níbẹ̀.

Kí ló kàn wá níbí? Àwa tí à ń fi Yorùbá kọ sáyẹ́ǹsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì fẹ́ràn ìtàn akọni jù. A máa ń sọ pé lágbájá ṣàwárí èyí, tàmẹ̀dù ṣẹ̀dá tọ̀hún, a ó fi àwòrán rẹ̀ sí i, ó parí. Bí a bá ń bá a lọ báyìí, èdè wa á kún fún orúkọ ńláńlá, kò sì ní ní ọ̀rọ̀ tí a fi lè béèrè pé: mélòó lo fi lè ṣì? Ẹni tó bá gbé òǹkà nípa ìdìbò, nípa oògùn tàbí nípa owó oúnjẹ wá fún wa, ìbéèrè yẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ bi í. Lé àti dín ti wà lẹ́nu wa láti ìgbà tí a ti ń ka owó ẹyọ. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí a fẹ́ yá.

Ìwé Michelson ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀tọ́ oníwèé, ẹ lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀kọ́ karùn-ún, ẹ fo sí ìkẹjọ, kí ẹ tó padà sí àkọ́kọ́. Bí ẹ bá dé ibi òǹkà kẹfà nínú ìkejì, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ máa kà á lọ.